Ọmọ mi kò fẹ́ lọ sílé ìwé mọ́ ní Àjàṣẹ́

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ìbàdàn la ti wá. Oṣù mẹ́jọ rèé tí a kó dé Àjàṣẹ́ nílẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n ń kọ Porto-Novo sára ìwé. Ọkọ mi ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ lápá ọjà Ouando. Ọmọ wa, Ṣẹ́gun, ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Praímárì fóò ló wà nílé, ṣùgbọ́n nítorí Faransé, CP, kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n fi í sí níbí, láàárín àwọn ọmọ ọdún méje.

Níbẹ̀rẹ̀, kò sí wàhálà. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ni inú ti ń run ún ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè. Owó oúnjẹ tí mo ń fún un, ó ní ó jábọ́. Lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ó jábọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè é ní Anagónù, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Lánàá, Fráídè, ó gbé nǹkan kan kọ́rùn wálé: ìkarahun ìgbín tí wọ́n fi okùn sí, tó ń rùn. Ó ní "signal" lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwé ni wọ́n ń gbé e kọ́ lọ́rùn, àfi tó bá rí ẹlòmíràn tí òun náà gbàgbé, tó sọ ọ́, kó gbé e fún un. Òun kò rí ẹnikẹ́ni mú kí wọ́n tó jáde. Chicotte, pàṣán olùkọ́, ló ń dúró dè é láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ìkarahun náà wà lórí àga níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Bàbá Ṣẹ́gun ní kí n mú sùúrù, pé àlejò ni wá, àlejò sì lójú, kò fi ríran. Èmi fẹ́ lọ bá wọn níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ di rannto. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò, kí n wá ilé ìwé aládàáni fún un? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, báwo lẹ ṣe ṣe é tí ilé ìwé fi gba ọmọ tiyín mọ́ra?

Ìyá Ṣẹ́gun, Oganla


Ìdáhùn

Ìyá Ṣẹ́gun, àbúrò mi, o kú ìrójú. Má tíì yọ ọ́, má sì lọ jà. Ṣùgbọ́n má jókòó sílé nítorí pé ẹ jẹ́ àlejò, ibẹ̀ lèmi àti Bàbá Ṣẹ́gun ò ti gba tara wa. Àlejò tí kì í yọjú ni wọ́n ń fi ọmọ rẹ̀ ṣeré.

Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí. Ọdún mẹ́rìnlá rèé tí mo ti wà nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, mẹ́fà ní Kétu, ìyókù ní Àjàṣẹ́ níbí. Àwọn ìbejì mi ti ṣe CEP, ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tán, wọ́n ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kétu ni mo ti kọ́kọ́ rí signal, ó sì yà mí lẹ́nu púpọ̀, nítorí Kétu ni! Ìlú Alákétu, tí ẹnubodè Àkábà Ìdènà ṣì wà níbẹ̀, tí olùkọ́ àti ìyá ẹlẹ́kọ jọ ń fi Yorùbá ná ọjà lójú pópó. Tí ọmọ bá ti wọ ọgbà ilé ìwé, Yorùbá kan náà di ẹ̀ṣẹ̀.

Ní tiwa, eegun àgbọ̀n màlúù ni wọ́n ń lò. Lọ́jọ́ kan, Kẹ́hìndé sáré wọlé, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní eegun ti kúrò lọ́rùn òun. Mo ní báwo? Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ tẹ ọ̀rẹ́ òun lẹ́sẹ̀ ni. Ọmọ yẹn ké, "Yéè, ìyá mi o!" Yorùbá nìyẹn. Bí ó ṣe ké ni Kẹ́hìndé bọ́ eegun náà, ó gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń pín àkàrà jẹ ni o. Mo jókòó sórí àpótí ìdáná, n kò mọ èyí tí mo máa wí.

Àwọn tó ń lò ó á sọ fún ọ pé kí ọmọ lè tètè mọ Faransé ni. Wọn kò purọ́ lórí ohun tí wọ́n ń wá, àwọn náà ni wọ́n fi í kọ́ lọ́rùn nígbà tiwọn. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ń ṣe. Ó ń sọ àwọn ọmọ di amí ara wọn, wọn ò ní wo ojú ara wọn mọ́, ẹnu ara wọn ni wọ́n á máa ṣọ́. Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni pé ọmọ tí wọ́n dá lẹ́kun èdè rẹ̀, wọ́n ti dá a lẹ́kun ẹjọ́ rẹ̀. Odindi sáà kan ni ọmọ kan fi ń gba owó lọ́wọ́ Táíwò mi. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún olùkọ́, ó ní òun lọ bá olùkọ́, olùkọ́ ní kí òun sọ ọ́ ní Faransé. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ "ó fipá gbà á lọ́wọ́ mi" ní Faransé. Ó padà síbi tó jókòó sí.

Nítorí náà, tó o bá dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ Ṣẹ́gun, má bẹ̀rẹ̀ lórí pé wọ́n tàbùkù Yorùbá. Wọ́n á ní o kò fẹ́ kí ọmọ rẹ mọ ìwé. Bi í léèrè ohun kan: tí wọ́n bá lu Ṣẹ́gun, tàbí tí ẹnìkan fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, ta ni yóò sọ fún, èdè wo ni yóò fi sọ ọ́? Olùkọ́ tiwa, ará Ṣábẹ̀ẹ́ ni. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní ọmọ tòun náà ti gbé signal sùn rí. Ṣùgbọ́n ó ní bí òun nìkan bá yọ ọ́ kúrò, directeur, ọ̀gá ilé ìwé, á ní kíláàsì òun ni Faransé ò ti lọ déédéé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá olùkọ́ kan.

Èyí ló gbé mi dé ìpàdé APE, ẹgbẹ́ àwọn òbí. Àwa ará Nàìjíríà kì í lọ. A máa ń ní Faransé àti Gùn, èdè àwọn Ègùn, ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, kí la fẹ́ lọ gbọ́? Jókòó ti ìyá tó gbọ́ Yorùbá, kò sí ìpàdé kan ní Àjàṣẹ́ tí irú rẹ̀ kò sí. Ìpàdé àkọ́kọ́, mo kàn kí wọn ni, mo gbọ́, mo lọ sílé. Ẹ̀kejì ni mo tó la ẹnu. A kò ní kí wọ́n pa Faransé tì. Ohun tí a tọrọ ni pé kí Faransé dúró sí kíláàsì, kí àwọn ọmọ máa fi èdè tó bá wù wọ́n ṣeré, kí ẹni tó bá fẹ́ fẹjọ́ sùn sì fi èyí tó bá mọ̀ sọ ọ́. Wọ́n gbà ti eré. Ti ẹjọ́ sísùn, ó di ọdún kejì. Olùkọ́ kan tí wọ́n gbé wá lẹ́yìn náà tún fẹ́ mú eegun padà, a tún lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọ̀rọ̀ owó tó ń jábọ́ wàyí. Bi Ṣẹ́gun pé aago mélòó ló máa ń jábọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ọ̀sán ni. Ilé ìwé ibí kò rí bíi tilé tí wọ́n ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n á sì jáde. Aago méjìlá ni wọ́n ń tú wọn sílẹ̀, aago mẹ́ta ni wọ́n ń padà wọlé. Wákàtí mẹ́ta! Olùkọ́ ti lọ jẹun, ọmọ tí ilé rẹ̀ jìnnà wà lábẹ́ igi. Gbogbo ìlùkulù àti ìfipágbà tí mo gbọ́ ní ọdún mẹ́rìnlá, ibẹ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe nínú kíláàsì. Tí ilé ìwé Ṣẹ́gun bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ní kantíìnì, lábẹ́ ètò tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2017 pẹ̀lú PAM, àjọ oúnjẹ àgbáyé, inú rẹ á dùn, nítorí ibi tí ìkòkò wà, àgbàlagbà wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, àwọn bonne dame lo máa bá sọ̀rọ̀, àwọn ìyá tó ń ta oúnjẹ nínú ọgbà. Má fún ọmọ lówó mọ́. San owó ọ̀sẹ̀ kan fún ọ̀kan nínú wọn, kí ó máa bu oúnjẹ fún un. Obìnrin yẹn á mọ ọmọ rẹ lójú, á mọ ọjọ́ tí kò wá, á mọ ọjọ́ tó wá tí kò jẹun. Ohun tí olùkọ́ tó ní ọgọ́ta ọmọ níwájú kò ní rí, ó máa rí i.

Ìyá alátasi kan ló ṣe é fún mi. Atasi ni ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà sè, bíi wáàké tiwa. Òun ló fi ọmọ tó ń gba owó Táíwò hàn mí: ọmọkùnrin gíga kan tí káákì rẹ̀ ti ya lápá. Mo ti ń bọ̀ láti fa etí rẹ̀ tu. Ìyá alátasi dì mí lápá mú. "Ìyá Ìbejì, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ná." Kò wọ bàtà, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti là. Vidomègon ni, bí wọ́n ṣe ń pè é lédè Gùn àti Fọ̀n, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ fi sílé ẹlòmíràn kó máa gbé ibẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti pọnmi kún àmù, ọ̀sán ò sì ní oúnjẹ fún un. Mo ní kí ìyá alátasi máa bu ti 100 sẹ́fà fún un, pé èmi ni n óò máa san án ní Fráídè. Obìnrin tó ń tọ́ ọ gbọ́, ó wá bú mi dé ẹnu ọ̀nà ilé, pé mo fẹ́ fi òun hàn bí ọ̀dájú láàárín ìlú. Ó bú mi tán, n kò fèsì. Ọmọ náà jẹun. Owó Táíwò kò jábọ́ mọ́.

N kò ní ti Ṣẹ́gun rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn kan wà tí wọ́n yó kánrin tí wọ́n ṣì ń fojú ọmọ ẹlòmíràn gbolẹ̀. Ṣùgbọ́n wádìí ná.

Chicotte. Òfin wà níbí, Ìwé Òfin Ọmọdé, nọ́ńbà 2015-08, ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 2015 ni déètì rẹ̀. Kò fàyè gba kí wọ́n na ọmọ, ìbáà ṣe nílé ìwé, ìbáà ṣe nílé. Mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n má fi í ṣe ìkíni. Kí a sì sọ òótọ́ fún ara wa: ta ló ń wọ ọgbà ilé ìwé tó ń kígbe pé "Ẹ bá mi nà án dáadáa, ojú rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ bá mi fi sílẹ̀"? Àwa ni. Èmi ti wí i rí, níwájú Táíwò. Ọmọ tó gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kò ní fẹjọ́ olùkọ́ sùn ọ́ láyé.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé àgbàlagbà ló fọwọ́ kan ọmọ níbi tí kò yẹ, olùkọ́ ni o, ọlọ́dẹ ni o, ọlọ́kadà ni o, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ ọ́, má sì jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀ nílé baálẹ̀. 138 ni nọ́ńbà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ọmọdé, ọ̀fẹ́ ni. Kọ ọ́ sára ògiri yàrá.

Ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémijan, ẹnìkan ṣoṣo ni kó máa gbé e, kí Ṣẹ́gun sì mọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀ sórí.

Ní ti aládàáni tí o ń bèèrè: láti 2006 ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ti di ọ̀fẹ́, kíláàsì sì kún fọ́fọ́ lóòótọ́. Ọmọ lè má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní aládàáni. Ṣùgbọ́n mo mọ aládàáni tí signal wà níbẹ̀, owó lo kàn máa fi rà á.

Anagónù? Ó túmọ̀ sí ará Ànàgó, àwa nìyẹn, kì í ṣe èébú àfi bí ẹnu bá fi ṣe é. Nígbà tí olùkọ́ bá ń pe rẹ́jísítà, ní kí Ṣẹ́gun tẹ́tí sí orúkọ bàbá wọn: Babatoundé, Adéchina, Olatoundji. Faransé ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ilé wa ló ti wá. Àbọ̀ àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín ní ìyá àgbà tó ń fi Yorùbá kì wọ́n láàárọ̀. Èmi kì í jà lórí ẹ̀. Mo máa ń dá wọn dúró lẹ́nu géètì, mo máa ń bi wọ́n lóríkì wọn ni. Ojú á tì wọ́n, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì sọ ọ́.

Ìkarahun yẹn, má jù ú nù o. Wọ́n á ní Ṣẹ́gun ló sọ ọ́ nù. Fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, di í sínú ọ̀rá. Mọ́ńdè, tètè jí, kẹ́ ẹ jọ lọ kí aago tó lù, kí ìwọ fúnra rẹ kí olùkọ́ dáadáa, kó o gbé e lé orí tábìlì rẹ̀, kí ọrùn Ṣẹ́gun wà lófo nígbà tó bá ń wọ kíláàsì.