Ajá Wa Kì Í Fẹ́ Jọ̀wọ́ Ohun Tó Bá Gbé

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé yìí. A ní ajá Lhasa kékeré kan, ọmọ oṣù 5, tí àwọn ọmọ ń pè ní Bíńgò. Kò sí ohun tí a gbé sílẹ̀ tí kì í gbé sá lọ: ìbọ̀sẹ̀, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, ẹsẹ̀ kan bàtà mi, àní fìlà tí bàbá wọn fẹ́ dé lọ kírun Jímọ̀. Bí a bá lé e, abẹ́ àga ni yóò wọ̀. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, na ọwọ́ sí abẹ́ àga láti gba ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ajá náà sì kùn mọ́ ọn. Bàbá wọn ní pankẹ́rẹ́ ni oògùn rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
— Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ bá wa bẹ bàbá wọn kí wọ́n gbé pankẹ́rẹ́ náà sí àyè rẹ̀, nítorí pé ajá kò lè so ìyà tó ń jẹ ẹ́ báyìí mọ́ fìlà tí ó ti gbé ṣáájú. Ohun tí yóò kọ́ ni pé bí nǹkan bá wà lẹ́nu òun tí ènìyàn sì ń bọ̀, kò sí ire níbẹ̀. Ajá tó bá sì ti mọ èyí yóò tètè sá, tàbí kí ó kùn, tàbí kí ó gbé nǹkan ọ̀hún mì kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lílé tí ẹ ń lé e náà, eré ni lójú rẹ̀. Ó ti rí i pé ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tó láti mú kí gbogbo ilé máa sáré lé òun.

Ọjọ́ orí rẹ̀ wà lára ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín nǹkan bí oṣù 3 sí 7 ni eyín wàrà ajá, tí ó jẹ́ 28, máa ń yọ, tí eyín àgbà 42 sì ń rọ́pò wọn. Erìgì ń yún un, ó sì ń wá ohun tí yóò máa rún, pàápàá èyí tí òórùn ara yín bá wà lára rẹ̀. Ẹ ra ohun ìrúnlẹ́nu ajá fún un, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yọ̀ǹda bàtà ògbólógbòó fún un, nítorí kò mọ èyí tó gbó yàtọ̀ sí tuntun.

Pàṣípààrọ̀ ni ọ̀nà tó dára jù, ìgbà tí kò jí nǹkan kan gbé sì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún un ní okùn tàbí ohun ìṣeré tí kò kà sí púpọ̀. Bí ó bá ti wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ má fà á rárá. Ẹ mú ẹja bíbọ̀ tí kò léegun, tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, súnmọ́ imú rẹ̀. Ará Ẹ̀pẹ́ tí Ọjà Olúwo wà nítòsí rẹ̀ kò ní ṣàìrí ẹja, ṣùgbọ́n ẹ má fi àlùbọ́sà sè é, májèlé ni àlùbọ́sà fún ajá. Bí ẹnu rẹ̀ bá ṣe ń là, ẹ sọ pé “Fi sílẹ̀!”, kí ẹ sì fi ẹja náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún un. Bí ó ti ń jẹ ẹ́, ẹ mú okùn náà, ẹ wò ó, lẹ́yìn náà kí ẹ dá a padà fún un. Ibi dídá padà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń jẹ́ kí ajá mọ̀ pé jíjọ̀wọ́ nǹkan kì í ṣe pípàdánù rẹ̀. Nígbà tó bá yá, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tó mú ẹja jáde, kí ẹ sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ sí ohun tí ó fẹ́ràn jù, kí ìbọ̀sẹ̀ jẹ́ ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí gbogbo ilé máa lò. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wa fẹ́ràn láti máa sọ Gẹ̀ẹ́sì sí ajá.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ajá yóò máa jí nǹkan kí ó lè gba ẹja. Ó lè ṣẹlẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tó bá jí nǹkan nìkan ni ẹ ń fún un. Nítorí náà ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ojoojúmọ́ fi ṣe pàtàkì, tí kíkó nǹkan kúrò nílẹ̀ náà sì fi ṣe pàtàkì.

Ní ti abẹ́ àga, kí ẹnikẹ́ni má na ọwọ́ síbẹ̀ mọ́, pàápàá ọmọdé. Kíkùn ajá ìkìlọ̀ ni; bí ẹ bá nà án nítorí pé ó kùn, yóò kọ́ láti bu ènìyàn jẹ láìkìlọ̀. Ẹ lọ sí ilé ìdáná, ẹ mi abọ́ rẹ̀, ẹ fọ́n ẹja sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí àga, ẹ ó sì rí i pé yóò jáde fúnra rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ń le gbagidi, tí ó ń fi ìhà ojú wò yín nígbà tí ẹ bá ń kọjá, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kí ẹ sì béèrè bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Bí ó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Rìmóòtù ló ń dẹ́rù bà mí jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, nítorí bátìrì inú rẹ̀ lè jó ọ̀nà ọ̀fun ajá. Bí ó bá gbé bátìrì náà mì, ẹ má ṣe da epo pupa sí i lẹ́nu bí a ti máa ń ṣe, epo náà lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìyókù rìmóòtù náà dání kí wọ́n lè mọ irú bátìrì tí ó jẹ́.