Ìbéèrè Òǹkàwé: Ibo Ni Ọwọ́ Yóò Wà Lọ́rùn Béèsì Olókùn Márùn-ún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Èmi ni mo ń ta jìtá béèsì ní ìjọ wa ní Mọ́kọ́lá. Olókùn mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra olókùn márùn-ún. Ohùn kan ṣoṣo wá wà níbi púpọ̀ lọ́rùn rẹ̀, n kò sì mọ èyí tó yẹ kí n mú. Ẹni tó ń tẹ dùrù wa fẹ́ràn E-fláàtì, àwọn akọrin sì máa ń yí kíì (ohùn tí a gbé orin lé) padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni kí n ṣe? — Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Láti èyí tó nípọn jù dé èyí tó tín-ín-rín jù, B, E, A, D àti G ni okùn márààrún. Lóòótọ́, okùn B tó nípọn yẹn fi ohùn márùn-ún kún ìsàlẹ̀, láti B títí dé E-fláàtì, èyí tí ọwọ́ olókùn mẹ́rin kò lè tó. Ṣùgbọ́n ní tèmi, kì í ṣe ibẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ pọ̀ sí jù. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí ọwọ́ dúró sójú kan. Bí ìka ìfábẹ̀là yín bá wà ní fírẹ́ẹ̀tì 5 (fírẹ́ẹ̀tì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn jìtá), ẹ ó bá E ìsàlẹ̀ níbẹ̀ lórí okùn B, E àárín lórí okùn A ní fírẹ́ẹ̀tì 7, àti E òkè lórí okùn G ní fírẹ́ẹ̀tì 9, tó fi jẹ́ pé ìka ọmọńdinrín nìkan ni yóò nà díẹ̀.

Ní ti E-fláàtì, dó wà lórí okùn B ní fírẹ́ẹ̀tì 4, fà wà lórí okùn E ní fírẹ́ẹ̀tì 4 bákan náà, sóò sì wà lórí okùn E yìí kan náà ní fírẹ́ẹ̀tì 6. Bí àwọn akọrin bá ṣàdédé gbé orin lọ sí F, ẹ kàn sún gbogbo ọwọ́ síwájú ní fírẹ́ẹ̀tì méjì. Ètò ìka kò ní yí padà rárá, nítorí pé kò sí okùn tí a kò tẹ̀ nínú rẹ̀. Ìjọ mélòó ló tilẹ̀ ń kéde kíì fún ẹni tó ń ta béèsì?

Àmọ́ o, ohùn kan náà kì í dún bákan náà níbi gbogbo. E tí ẹ tẹ̀ lórí okùn B máa ń ki, ó sì máa ń ṣókùnkùn díẹ̀ ju E tí a kò tẹ̀ lọ, nítorí pé okùn tó nípọn ni ẹ gé kúrú. Bí ẹ bá sì ti kọjá fírẹ́ẹ̀tì 7 lórí okùn B, ìdún náà kì í fi bẹ́ẹ̀ já gaara mọ́. Fún orin ìsìn tó ń falẹ̀ ní kíì E, okùn tí a kò tẹ̀ ni kí ẹ mú, kí ó lè dún pẹ́. Fún orin ijó, tí ohùn gbọ́dọ̀ já kíá, èyí tí a tẹ̀ ló dára, torí pé bí ẹ bá ti dẹ ìka díẹ̀ ni yóò dákẹ́.

Ẹ má gbàgbé ọwọ́ ọ̀tún. Okùn B máa ń dá kùn nígbà tí ẹ bá ń ta àwọn yòókù. Ẹ fi àtàǹpàkò lé e lórí bí ẹ bá ń ta okùn E. Bí ẹ bá bọ́ sórí A, kí àtàǹpàkò sún sórí E, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì máa kan B.

Okùn B tí a kò tẹ̀ ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 31 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, sípíkà kékeré kò sì lè gbé e. Níbi òde tí sípíkà bá ti ń pariwo gbà-gbà-gbà, B tó wà lórí okùn A ní fírẹ́ẹ̀tì 2 ni kí ẹ mú.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí okùn karùn-ún jẹ́ B? — Òǹkàwé kan, Bódìjà.

Ìdáhùn: Rárá. Fender Bass V, béèsì olókùn márùn-ún ti ilé-iṣẹ́ Fender tó jáde ní 1965, ní okùn C tín-ín-rín lókè G, fírẹ́ẹ̀tì 15 péré ló sì ní. Fírẹ́ẹ̀tì 15 lórí C yẹn, E-fláàtì ni, ohùn kan náà pẹ̀lú fírẹ́ẹ̀tì 20 lórí okùn G. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ sórí jìtá òde òní, ẹ ra okùn tuntun láti E títí dé C, kí ẹ sì jẹ́ kí alátùn-únṣe wo àwọn ihò tí okùn ń gbà lórí ọrùn jìtá, nítorí okùn tín-ín-rín yóò máa mì nínú ihò tí wọ́n gé fún èyí tó nípọn.