Ẹ̀jẹ̀ ń jáde nídìí eyín mi, mo sì ní ìtọ̀ ṣúgà: ṣé kí n fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ni?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 49 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, níbí ní Ìbàdàn. Ó ti tó oṣù mẹ́fà báyìí, bí mo bá ti ń fọ eyín láàárọ̀, itọ́ tí mo bá tu á pọ́n. Ẹnu mi tún ń rùn, àwọn ọmọ mi ló sọ fún mi. Eyín iwájú kan nísàlẹ̀ ti ń mì díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò tí wọ́n ní mo ní ìtọ̀ ṣúgà, mo sì ń lo oògùn rẹ̀. Àbúrò mi ní búrọ́ọ̀ṣì ló ń họ mí lẹ́nu, pé kí n fi sílẹ̀, kí n máa fi omi iyọ̀ yọ ẹnu. Aládùúgbò mi kan ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n bá mi fọ eyín lọ́sibítù, pé àtìgbà tí wọ́n ti fọ tòun ni eyín òun ti ń mì. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá fi yẹra fún ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni ibẹ̀ ń burú sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ahọ́n kan ẹ̀yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀, lápá inú. Bó bá ń dán, ó dáa. Bó bá rí págunpàgun bí ara ògiri tí wọn ò tíì rẹ́, èérí eyín tó ti gan nìyẹn. Abẹ́ ahọ́n níbẹ̀ ni itọ́ ti ń sun jáde, èròjà inú itọ́ ló sì ń sọ èérí rírọ̀ di líle, bí omi kànga ṣe máa ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ nínú ìkòkò tí a fi ń se omi. Ọjọ́ díẹ̀ péré ló ń gbà. Èérí àná, búrọ́ọ̀ṣì á gbé e lọ. Èyí tó bá ti gan, kò sí búrọ́ọ̀ṣì, kò sí pákò, kò sí omi iyọ̀ tó lè ká a. Irin ọwọ́ dókítà eyín ló ń yọ ọ́.

Inú èérí yẹn ni àwọn kòkòrò àìfojúrí kó sí. Ara mọ̀ pé àlejò burúkú ti dé, ó ń da ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀ láti lé wọn, ni ẹran ìdí eyín bá wú, ó pọ́n, ìfọwọ́kàn díẹ̀ á mú un ṣẹ̀jẹ̀. Ọgbẹ́ ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó mú búrọ́ọ̀ṣì. Búrọ́ọ̀ṣì ló kàn tú àṣírí rẹ̀. Bó bá pẹ́, ìjà náà á wọ abẹ́ ẹran, á máa jẹ eegun tó di eyín mú. Eyín yín tó ń mì yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé eegun ìdí rẹ̀ ti ń lọ.

Ibo wá ni ìtọ̀ ṣúgà ti wọ̀ ọ́? Bí ṣúgà bá ń ga nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín tó ń bọ́ ẹran ìdí eyín á bàjẹ́, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ò sì ní í lè jà bó ṣe yẹ. Ẹ mọ bí egbò ẹsẹ̀ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ṣe máa ń pẹ́ kó tó san. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nídìí eyín, àfi pé tẹnu kì í hàn síta. Ẹnu tún máa ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ itọ́ ni omi tí Ọlọ́run fi ń fọ ẹnu wa tọ̀sán tòru. Mo mọ àwọn oníṣòwò tó jẹ́ pé nítorí ẹnu gbígbẹ yìí ni súìtì mínǹtì kì í fi í kúrò lẹ́ẹ̀kẹ́ wọn láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá palẹ̀ ìsọ̀ mọ́. Ṣúgà ló gbẹ ẹnu, ṣúgà ni wọ́n tún fi ń tu ú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé ìdí eyín náà ń ba ṣúgà jẹ́. Oró tó ń tinú ìjà yẹn jáde ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri ara, kì í sì í jẹ́ kí insulin, ìyẹn èròjà tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, rí iṣẹ́ ṣe dáadáa. Ẹ ó máa lo oògùn, ẹ ó máa ṣọ́ ohun tí ẹ̀ ń jẹ, ṣúgà á ṣì máa ga, ẹ ó máa rò pé oògùn ni kò dáa. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ìwádìí ti fi hàn pé bí wọ́n bá tọ́jú ìdí eyín ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà dáadáa, iye yẹn lè wálẹ̀ ní bíi 0.4 láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin: ẹni tó wà ní 8.5 lè bọ́ sí bíi 8.1. Kò ní kí ẹ fi oògùn sílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ká ní egbò tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ wà lẹ́sẹ̀ yín, ṣé ẹ máa fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà?

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín ńkọ́? Kò parọ́ ohun tójú rẹ̀ rí, ìdí rẹ̀ ni kò yé e. Awakọ̀ kan wá bá mi láti Ìwó Road, ó fi bébà wé eyín rẹ̀ tó bọ́ nígbà tó ń jẹ ẹran. Mo gbé e sábẹ́ iná: èérí tó lẹ̀ mọ́ ọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó eyín fúnra rẹ̀, ó dúdú, ó le bíi sìmẹ́ǹtì. Sìmẹ́ǹtì yẹn ló ti ń mú kí eyín tó kù fara ti ara wọn. Nígbà tí a fọ eyín rẹ̀, tí a yọ èérí náà kúrò, awakọ̀ yìí náà ní eyín òun ń mì, ààyè sì wà láàárín wọn. Eegun ti lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Èérí ló bo àṣírí. Ohun mìíràn tó sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ kì í jáde lẹ́nu òun. Sìgá ló ń mu. Sìgá máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ìdí eyín ò ní í ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀, àrùn á sì máa jẹun lábẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ń fi aásà sẹ́nu má ṣe dúró de ẹ̀jẹ̀ kó tó wá.

Nílé, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ máa fọ eyín, tí alẹ́ sì ṣe pàtàkì ju tàárọ̀ lọ, torí itọ́ máa ń dín kù lójú oorun. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ rà. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ kan ibi tí eyín àti ẹran ti pàdé, ẹ máa mì ín jẹ́jẹ́, ẹ má gbo ó bí ẹni ń gbo ìkòkò, ìṣẹ́jú méjì. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, ìyẹn èròjà tó ń mú eyín le, ni kí ẹ lò. Ẹ tu ìfófòó rẹ̀ dànù, ẹ má fi omi yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ̀jẹ̀ á ṣì jáde lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rù. Bí ẹ bá fẹ́ràn pákò, orin àtà tàbí òmíràn, mi ò ní kí ẹ jù ú nù. Ẹ rún ẹnu rẹ̀ kó rọ̀ dáadáa, kí ẹ sì rántí ẹ̀yìn eyín, torí iwájú tó ń hàn nìkan ni ọ̀pọ̀ ń fi pákò fọ̀. Kí búrọ́ọ̀ṣì wá gba alẹ́.

Ẹran tó bá há sáàárín eyín lẹ́yìn àmàlà, ẹ má fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tàbí igi ìṣáná yọ ọ́. Àwọn kẹ́míìsì ń ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń wọ àárín eyín. Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ máa ń tu ẹran tó wú lára, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì. Ẹlẹ́rìndòdò tí ẹ̀ ń mu díẹ̀díẹ̀ nínú oòrùn ọjà, ẹ fi omi rọ́pò rẹ̀: ọ̀rá tàbí ìgò 50cl kan lè ní ṣúgà tó ju kóró mẹ́wàá lọ.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ rí dókítà eyín; ọsibítù UCH ní ẹ̀ka eyín, àwọn míì sì wà káàkiri Ìbàdàn. Ẹ sọ fún un pé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, kí ẹ kó gbogbo oògùn yín dání, títí kan ti ẹ̀jẹ̀ ríru bí ẹ bá ń lò ó, torí amlodipine àti nifedipine lè mú kí ẹran ìdí eyín hù bo eyín. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ jẹun, ẹ lo oògùn yín bí ẹ ṣe ń lò ó. Bí ẹ bá lo oògùn láìjẹun, ṣúgà lè já wálẹ̀ lórí àga wa. Ẹ má ra oògùn apakòkòrò fúnra yín, kò lè yọ èérí líle. Kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ eyín yìí fún dókítà tó ń tọ́jú ṣúgà yín, kó bá yín ṣe HbA1c báyìí, kó tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ní ti eyín tó ń mì, eegun tó ti lọ kì í sábà hù padà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n bí ẹran ìdí rẹ̀ bá san, ó lè dúró gírí ju báyìí lọ, kí ẹ sì máa lò ó fún ọdún púpọ̀ sí i. Ẹ má fi ahọ́n tì í káàkiri, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òwú fà á nílé kí dókítà tó rí i.