Ẹ Bi Màmá Aago: Aago àpò àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ìdajì wọn ló sì jẹ́ ti aago àpò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n bá nínú dúrọ́ọ̀ bàbá àgbà tàbí tí wọ́n rà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù olóògbé. Mo kó wọn jọ síbí. Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ kò bá jáde, kó ṣe sùúrù. Èmi nìkan ni mò ń kà wọ́n, ojú tí mo sì fi ń kà wọ́n náà ni mo fi ń wá súkúrù tó já bọ́ sílẹ̀.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá ọkọ mi fún mi ní aago Waltham kan kí wọ́n tó kú. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí i pé wọ́n fín "Guaranteed 20 Years" àti nọ́ńbà kan sínú ìdérí. Mo yẹ nọ́ńbà náà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní 1863 ni wọ́n ṣe é. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé wúrà gidi sì ni?* (Òǹkàwé, Cleveland)

Ìyàwó wa, ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá. Nọ́ńbà tí ẹ kà yẹn, ti ilé aago ni, kì í ṣe ti aago. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ inú àti ẹni tó ń ṣe ilé tí wọ́n ń kó o sí kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà. Oníbàárà á wọ ṣọ́ọ̀bù, á mú ẹ̀rọ tó wù ú, á tún mú ilé tí owó rẹ̀ ká, olùtajà á wá fi súkúrù méjì de ìkan mọ́ ìkejì lójú rẹ̀. Ẹ ṣí i padà, kí ẹ wo ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, lórí idẹ tàbí níkẹ́lì tó ń dán nítòsí wíìlì tó ń mì. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ fi wá ọdún rẹ̀. Bí ẹ ti ń wò ó, ẹ wo etí ilé náà níbi tí súkúrù ti dè é. Bí ojú àpá bá ju iye súkúrù lọ, ẹ̀rọ mìíràn ti gbé inú ilé yẹn rí.

Ní ti wúrà, rárá o. Ẹni tó ta wúrà gidi kì í dá ọdún fún un. Ohun tí 20 Years yẹn ń sọ ni iye ọdún tí wọ́n retí pé wúrà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bo idẹ lójú méjèèjì á fi wà kó tó jẹ tán. Ẹ wo etí rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n kọ́, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ṣí. (Ẹ̀yin tí tiyín kọ Silveroid, tí ẹ ti ń fi yangàn pé fàdákà ni, níkẹ́lì ni. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn mọ ohun tó ń ṣe.) Ṣùgbọ́n kí inú yín má bàjẹ́. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Mo ti rí ẹ̀rọ olókùúta 21 nínú ilé níkẹ́lì tó ti ṣú, mo sì ti rí olókùúta 7 tó jókòó bí ọba nínú wúrà gidi.

Òkúta wo ni mò ń sọ? Rúbì wínníwínní tí ẹnu ọ̀pá àwọn wíìlì ń yí nínú rẹ̀ ni, kí irin má baà máa jẹ idẹ.

Ilé iṣẹ́ Waltham tó ṣe aago yín ní ìtàn tó dùn. Ní 1850 ni Aaron Dennison, Edward Howard àti David Davis bẹ̀rẹ̀ ní Roxbury, lẹ́bàá Boston. Ohun tí Dennison ń lé ni pé kí máṣíìnì máa gé ẹ̀yà aago, kí èyí tó bọ́ sínú aago kìíní lè bọ́ sínú ìkẹwàá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi fáìlì há a. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán lákọ̀ọ́kọ́. Ọwọ́ ènìyàn ṣì ń parí ohun tí máṣíìnì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kó lọ sí ìlú Waltham ní 1854, ní 1857 wọ́n wọko gbèsè, Royal Robbins sì rà á. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ló gbé wọn dìde. Àwọn ọmọ ogun fẹ́ aago tí owó oṣù wọn lè rà, Waltham sì ní ọ̀kan tí wọ́n fi orúkọ William Ellery, ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí ìwé òmìnira Amẹ́ríkà, pè. Ilé iṣẹ́ náà ń ṣe aago títí di 1957. Nítorí náà, aago yín kò ṣọ̀wọ́n, àǹfààní sì ni. Tí wíìlì rẹ̀ kan bá bàjẹ́, mo lè yọ òmíràn lára òkú aago tó jẹ́ irú kan náà.

*Ẹ káàárọ̀, Màmá. Hamilton 992 ni mo ní. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ mi ò lè yí ọwọ́ rẹ̀ sí àsìkò. Mo fa orí rẹ̀, ìyẹn kókó tí wọ́n fi ń yí i, kò jáde. Mo fi ẹ̀mú fà á, díẹ̀ ló kù kó já.* (Òǹkàwé, Philadelphia)

Ẹ gbé ẹ̀mú yẹn sílẹ̀ ná. Kò sí ohun tó ṣe aago yín. Àwọn tó ṣe é ní ilé iṣẹ́ Hamilton ní Lancaster kò fẹ́ kí ẹ fi orí rẹ̀ tún àsìkò ṣe ni.

Ẹ di aago mú kí ojú rẹ̀ kọ sí yín. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí òrùka tó di gíláàsì mú, lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, á tú. Bí ó bá le, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ má fi ọ̀bẹ sí i. Nítòsí nọ́ńbà 1, létí ojú aago, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ kékeré kan. Ẹ fi èékánná fà á síta jẹ́ẹ́jẹ́. Nísinsìnyí, ẹ yí orí aago, ọwọ́ á tẹ̀ lé e. Ẹ ti irin náà padà, ẹ dé gíláàsì. Ó parí.

Èmi náà fa ọ̀kan já nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi kò sọ̀rọ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi èékánná fa irin kékeré náà síta lórí aago mìíràn, ó ní kí n wò ó, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí ju ìbáwí lọ.

Rélùwéè ló mú kí wọ́n fi irin kékeré yẹn sí i. Títí di 18 oṣù kọkànlá 1883, oòrùn orí ìlú kọ̀ọ̀kan ni ìlú náà fi ń ka àsìkò. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè pín ilẹ̀ náà sí agbègbè àsìkò mélòó kan, tí ọ̀pọ̀ ìlú sì rí ọ̀sán gangan lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kí àsìkò ṣọ̀kan lórí ìwé yàtọ̀ sí kó ṣọ̀kan nínú àpò awakọ̀. Ní oṣù kẹrin 1891, ọkọ̀ ojú irin méjì forí sọra ní Kipton, Ohio. Ó yẹ kí ọ̀kan yà sí ẹ̀gbẹ́ kí ọkọ̀ ayára tó ń gbé lẹ́tà kọjá. Ohun tí wọ́n ń sọ láti ìgbà náà ni pé aago òṣìṣẹ́ kan ti dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó sì tún gbéra láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré o.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Webb Ball, oníṣòwò aago ní Cleveland, pé kó wá máa ṣàyẹ̀wò aago àwọn òṣìṣẹ́. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ le: ojú aago gbọ́dọ̀ wà láìní ìdérí, nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn ketekete, òkúta rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 17, wọ́n gbọ́dọ̀ ti tún un ṣe fún ìdúró márùn-ún (kó lè pé àsìkò ní ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀), kò sì gbọdọ̀ fi ju ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Irin kékeré tí mo ní kí ẹ fà yẹn wà lára òfin náà, kí ẹni tó ń yí aago rẹ̀ láàárọ̀ má baà ṣèèṣì yí ọwọ́ rẹ̀ kúrò lójú àsìkò. Ohun tí ẹ pè ní àbùkù, ohun tí wọ́n san owó lé lórí ni.

*Màmá, bàbá àgbà mi yí aago Elgin wọn jù, ó sì dúró. Ẹ̀gbọ́n mi fọ́n WD-40, ọ́ìlì inú agolo, sí i, ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì, ó tún dúró. Mo fẹ́ tú u fúnra mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?* (Òǹkàwé, Chicago)

Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ó ti gba agolo yẹn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí n gba bàbá àgbà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè yí aago tí ara rẹ̀ dá jù bó ti yẹ. Bí ẹ bá yí i dé òpin, ó kún ni, bí ìgbà tí garawa kún. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ́ìlì inú rẹ̀ ti gbẹ, ó ti di bí oje igi, agbára sípíríǹgì kò sì lè ti àwọn wíìlì mọ́. Onílé rí i pé orí rẹ̀ le, aago sì dúró, ó ní òun ló yí i jù. Bí sípíríǹgì bá já lóòótọ́, ìdàkejì lẹ ó rí: orí á máa yí lọ gbere láì le rárá. Ohun tí ẹ̀gbọ́n fọ́n sí i tú oje náà díẹ̀, ó sì gbé ìdọ̀tí lọ síbi tí ìdọ̀tí kò dé tẹ́lẹ̀. Ó ti wà lórí sípíríǹgì tín-ín-rín tó wà lábẹ́ wíìlì tó ń mì báyìí, tí ìká rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù, kí a tú gbogbo rẹ̀, kí a fọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ ara yín ṣe é, ẹ kọ́kọ́ fi aago mìíràn tí kò já mọ́ nǹkan kọ́ ọ. Kí ẹ tó kan súkúrù kankan, ẹ tú agbára inú sípíríǹgì ńlá sílẹ̀. Ẹ di orí aago mú ṣinṣin, ẹ fi ṣóńṣó igi gbé ìkọ́ kékeré tó ń gbá wíìlì ìyíka mú, kí ẹ wá jẹ́ kí orí náà máa yọ̀ pẹ̀lẹ́ láàárín ìka yín títí agbára á fi tán. Ọdún kejì tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo gbàgbé. Mo yọ súkúrù kan, mo gbọ́ "fìrrr", eyín wíìlì mẹ́ta sì lọ. N kò gbàgbé mọ́ láti ìgbà náà.

Ẹ tú u tán, ẹ ya àwòrán rẹ̀ ní ìpele ìpele, kí ẹ sì kó súkúrù kọ̀ọ̀kan sí ibi tirẹ̀, torí wọn kò gùn bákan náà. Ẹ fi ṣóńṣó igi rírọ̀ nu inú òkúta kọ̀ọ̀kan títí igi fi máa jáde ní mímọ́. Ọ́ìlì aago ni kí ẹ lò, ẹ̀kán tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, ní ẹnu ọ̀pá. Eyín wíìlì kì í gba ọ́ìlì, sípíríǹgì tín-ín-rín kò gbọdọ̀ rí i rárá. Sípíríǹgì ńlá aláwọ̀ búlúù àtijọ́ sábà máa ń ti sú, bí ẹ bá yọ ọ́ tí ó kàn tú díẹ̀, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹ wọn fífẹ̀, nínípọn àti gígùn rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Ẹ má fi ìka ká a padà sínú agolo rẹ̀ (ilé róbótó tó ń gbé inú aago), á wọ́ bí ìwo àgbò. Irinṣẹ́ wà fún un.

*Aago mi ń fi nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú yára lójúmọ́. Mo ti yí ọwọ́ kékeré inú rẹ̀ sí S (Slow, ìyẹn kó rọra lọ) títí dé òpin. Ìdí?* (Òǹkàwé, Baltimore)

Òòfà. Ẹ gbé kọ́ńpáàsì lé orí rẹ̀ bó ti ń ṣiṣẹ́. Bí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì bá ń gbọ̀n tẹ̀ lé wíìlì, irin inú rẹ̀ ti gba òòfà, ìká sípíríǹgì sì ń fà mọ́ra wọn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń yọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ẹ dá ọwọ́ yẹn padà sí àárín kí ẹ tó ṣe é, kí ẹ sì gbé aago kúrò lórí ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́. Bí kọ́ńpáàsì kò bá gbọ̀n, ẹ ka ìdáhùn tí mo fún ará Chicago lókè.

*Ẹ ǹlẹ́ o, Màmá. Hampden ti bàbá mi bọ́ sílẹ̀ lórí táìlì. Wíìlì rẹ̀ ń ṣe jẹ́bẹ́jẹ́bẹ́. Ṣé ẹ̀yà rẹ̀ ṣì wà, níwọ̀n ìgbà tí ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé?* (Òǹkàwé, Canton, Ohio)

Ọ̀pá wíìlì ló ṣẹ́. Ẹnu ọ̀pá yẹn kò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, àwọn aago ìgbà yẹn kò sì ní ohun tó ń gba ìpayà fún un. Ẹ má ṣe yí i mọ́, kí ẹnu tó kù má baà fọ́ òkúta rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Canton gan-an lẹ ń bi mí! Ìlú yín ni wọ́n ti ṣe é. Ní 1930, ilé iṣẹ́ Soviet tó ń ṣòwò ní Amẹ́ríkà ra máṣíìnì Dueber-Hampden, ilé iṣẹ́ tó ṣe aago yín, wọ́n kó o lọ sí Moscow, òṣìṣẹ́ mọ́kànlélógún láti Canton sì bá a lọ láti kọ́ wọn níṣẹ́. Aago tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ jọ Hampden bí ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ má wá ẹ̀yà lọ sọ́hùn-ún. Àwọn tó ń tú òkú aago tà ṣì ní ọ̀pá Hampden, èmi náà ní méjì nínú agolo mi. Ẹ kọ nọ́ńbà ara ẹ̀rọ ránṣẹ́, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá ìwọ̀n 16 ni tàbí 18 (bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ka títóbi aago), kí n wò ó bóyá ó máa bá a mu.