Búrọ́ọ̀ṣì ìfárí onírun ẹlẹ́dẹ̀: ṣé ìrun tí mo ti kí bàjẹ́ ni?

Ìbéèrè:

Asàlámù àlékúmù wàráhámótúlàhì wàbárákátúhù, Àáfà wa. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni mò ń gbé. Mo máa ń fá orí mi kodoro, mo sì máa ń fá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń po ọṣẹ ìfárí. Ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀ ní kí n máa rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí n fi po ọṣẹ títí yóò fi hó, kí n ṣàn án, kí n sì jẹ́ kó gbẹ, kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra títí irun rẹ̀ yóò fi rọ̀. Mo ti ń lò ó kí n tó rí i lára páálí pé irun ẹlẹ́dẹ̀ ni. Mo bi àwọn ará nínú ẹgbẹ́ wa lórí WhatsApp. Ẹnì kan ní kí n tún gbogbo ìrun tí mo ti kí kí. Ẹnì kan ní kí n fi iyanrìn fọ orí mi lẹ́ẹ̀meje. Ẹlòmíràn fi ohùn àáfà kan ránṣẹ́, tó ní kí a máa ka Áyátùlì Kúrúsíyù sínú omi tí a ó rẹ búrọ́ọ̀ṣì náà sí kí ẹ̀mí ẹlẹ́dẹ̀ lè jáde lára rẹ̀. Ìyàwó mi ti da iyanrìn sínú básíà ilé ìwẹ̀ wa. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé àwọn méjì ní àwọn ò ní dúró lẹ́yìn mi mọ́, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo máa ń ṣíwájú wọn ní Iṣái. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn.

Ìdáhùn:

Wà álékúmù sàlámù wàráhámótúlàhì wàbárákátúhù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Arákùnrin mi, ìrun rẹ pé. Má ṣe tún ẹyọ kan kí. Mo tètè sọ ọ́ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ láti ka ìyókù.

Kò sí Mùsùlùmí méjì tó ń jiyàn lórí ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ibi mẹ́rin ni Ọlọ́hun ti kà á léèwọ̀ nínú Alùkùránì: Suratul Baqarah, Suratul Maidah, Suratul An'am àti Suratun Nahl. Nínú ti An'am, Ó fi kún un pé ẹ̀gbin ni. Ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ọbẹ̀. Irun lo bi mí, orí irun sì ni ẹnu àwọn aṣíwájú wa kò ti kò láti ayé àtijọ́.

Imam mẹ́rin la ń tẹ̀lé ọ̀nà wọn nínú òfin ẹ̀sìn: Abu Hanifa, Malik, Shafi'i àti Ahmad. Imam Shafi'i àti àwọn tó ń tẹ̀lé e ní ẹ̀gbin ni irun ẹlẹ́dẹ̀ bí ara rẹ̀ ṣe jẹ́ ẹ̀gbin. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ̀lé Imam Ahmad náà dì mú nìyẹn. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Abu Hanifa ní gbogbo ara rẹ̀ lẹ́gbin, síbẹ̀ wọ́n yọ̀ǹda kí àwọn aránbàtà máa fi irun rẹ̀ rán awọ, nítorí bó ṣe le tó ń jẹ́ kó tètè wọ ihò. Muhammad ọmọ Hasan, tó jẹ́ ògúnnágbòǹgbò láàárín wọn, tilẹ̀ ní irun náà kì í ba omi jẹ́ tó bá já sínú rẹ̀. Ibn Taymiyyah, àgbà onímọ̀ ayé àtijọ́, ẹni tí àwọn tó ń bú ọ lónìí máa ń fi orúkọ rẹ̀ pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́, ní irun gbogbo ẹranko ló mọ́, ti ajá àti ti ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú. Ó dà bí ẹni pé wọn ò tíì ka ibẹ̀ yẹn.

Ní tiwa, ọ̀nà Imam Malik la bá lọ́wọ́ àwọn àáfà wa ní Ìlọrin, ní Ìbàdàn, ní Èkó, òun náà ni mo sì fi ń dá ọ lóhùn. Lọ́dọ̀ Imam Malik, ohunkóhun tó bá ń mí, ara rẹ̀ mọ́ nígbà tó wà láàyè, ìbáà ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Irun ní tirẹ̀ kò ní ìyè nínú. O lè gé irun lára ẹran tó dúró, kò ní dún un. Bí ẹran bá sì kú, irun kò bá a kú, torí kò yè tẹ́lẹ̀. Ibn Abi Zayd al-Qayrawani, tó kú ní ọdún 386 lẹ́yìn Híjírà, kọ ọ́ sínú Risala, ìwé rẹ̀ lórí òfin ẹ̀sìn ní ọ̀nà Malik, pé gbogbo nǹkan ara ẹlẹ́dẹ̀ ni èèwọ̀, àmọ́ wọ́n ti ṣe ìdẹ̀kùn lórí lílo irun rẹ̀. Risala yìí kan náà ni ọmọ kéú ń kà níwájú àáfà nílẹ̀ wa. Ẹni tó ní kí o tún ìrun kí, mo bẹ̀ ẹ́, bi í léèrè ibi tó lọ lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìlà yẹn.

Májẹ̀mú kan wà níbẹ̀, òun ló sì yẹ kí àwọn ará máa jiyàn lé lórí tí wọ́n bá fẹ́ jiyàn. Khalil ọmọ Ishaq, onímọ̀ ọ̀nà Malik, sọ nínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Mukhtasar pé irun mọ́, kódà kó jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀, tí wọ́n bá gé e ni. Gígé ló sọ, kò sọ fífà. Bí wọ́n bá fa irun tu, ìdí rẹ̀ máa ń mú nǹkan díẹ̀ lára awọ jáde, awọ tó bá sì ti kúrò lára ẹlẹ́dẹ̀ di ẹ̀gbin. Àwọn tó ṣàlàyé ìwé Khalil wá là á yé wa pé bí wọ́n bá fà á tu, ìdí rẹ̀ nìkan lẹ́gbin, òkè rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá sì gé ìdí yẹn dànù, èyí tó kù mọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń rí irun búrọ́ọ̀ṣì? Ní ibi tí wọ́n ti ń pa ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á ti òkú rẹ̀ bọ omi gbígbóná kí irun lè dẹ̀, ẹ̀rọ á sì ha á kúrò. Irun tí omi gbígbóná ti dẹ̀ lè jáde tòun ti ìdí rẹ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á yà á, wọ́n á tò ó ní gígùn sí gígùn, wọ́n á wá dì í ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀. Nítorí náà, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé gígé ni ti inú búrọ́ọ̀ṣì rẹ, ìwọ náà ò sì lè bura.

Ṣùgbọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì náà síbi tí iná ti mọ́lẹ̀, kí o wo orí irun rẹ̀ dáadáa. Wàá rí i pé ẹnu irun kọ̀ọ̀kan là sí méjì tàbí mẹ́ta. Bí Ọlọ́hun ṣe dá irun ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn, òun ni wọ́n sì fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí náílọ́ọ̀nù. Ẹnu tó là yẹn ni òkè irun. Òun ló wà níta, òun ló ń kan orí rẹ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. Ìdí irun wà nísàlẹ̀, inú gọ́ọ̀mù ni wọ́n rì í sí, nínú ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì, gọ́ọ̀mù náà sì ti gan paali. Yálà gígé ni o, yálà fífà ni o, ibi tó mọ́ ló kàn ọ́. Bí ẹyọ kan bá wá já sí ọ lójú nígbà tí ò ń fárí, mú un kúrò, ṣan ojú rẹ, ó parí. Akọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n kọ sí ara páálí, mo mọ̀. Akọ ni o, abo ni o, ìdájọ́ wọn kò yàtọ̀.

Òórùn tí búrọ́ọ̀ṣì tuntun máa ń rùn tí omi bá kọ́kọ́ kàn án náà ń kó royíroyí bá àwọn ènìyàn. Wọ́n ní bó bá ń rùn bí ẹran, ẹran ló kù lára rẹ̀. Òórùn irun tútù ni. Ká tilẹ̀ ní ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣẹ́kù lára irun náà, tí ọ̀rá sì jẹ́ ẹ̀gbin lóòótọ́, kí la fi ń mú ọ̀rá kúrò? Ọṣẹ àti omi. Iṣẹ́ tí ìwé inú páálí ní kí o ṣe, pé kí o rẹ ẹ́, kí o fi ọṣẹ po ó títí yóò fi hó, kí o ṣàn án mọ́, kí o tún un ṣe, fífọ̀ náà ni. Àwọn tó ṣe búrọ́ọ̀ṣì fẹ́ kí ẹnu irun túbọ̀ là, kó rọ̀, kó máa mu omi sára. Ìwọ ti rí ìmọ́tótó gbà lórí ẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí o lò. Omi híhó ń ba gọ́ọ̀mù ìdí irun jẹ́, bí gọ́ọ̀mù bá sì jẹ́, irun á máa tú jáde tìdítìdí, wàá tún kọ̀wé sí mi. Láàárín ìgbà tí òórùn yẹn ò tíì lọ, má gbé e wọ mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní kí ẹni tó jẹ aáyù tàbí àlùbọ́sà jìnnà sí mọ́sálásí, ìyẹn sì jẹ́ oúnjẹ hàláálì.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí o ní ò ń fá, n kò bi ọ́ bóyá irùngbọ̀n wà níbẹ̀. Ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀.

Iyanrìn ńkọ́? Ó wá nínú hádíìsì pé bí ajá bá lá inú ìgò tàbí àwo, kí a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje, nínú àwọn ẹ̀gbàwá kan wọ́n dárúkọ erùpẹ̀. Ajá ni wọ́n sọ. Àwọn Shafi'i ló fi ẹlẹ́dẹ̀ wé ajá, Imam Nawawi tó sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn gbà pé ẹ̀rí àwọn tó ní ẹ̀ẹ̀kan péré tó lágbára jù. Lọ́dọ̀ tiwa, Khalil ní kò kan ẹranko mìíràn yàtọ̀ sí ajá, kò sì sí erùpẹ̀ níbẹ̀. Ìjọsìn lásán la fi ń ṣe é fún àwo. Ta ló wá gbé e dé orí ọmọ ènìyàn? Fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún ìyàwó rẹ pé kó kó iyanrìn kúrò nínú básíà kí páìpù má baà dí. Má bá a jà. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ló mú un ṣe é, àwọn tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá wí.

Mo gbọ́ ohùn àáfà tó ní kí a ka Áyátùlì Kúrúsíyù sínú omi búrọ́ọ̀ṣì. Ó kà á léwúléwú, ó dùn ún gbọ́, kò sì mú ẹ̀rí kankan wá. Ànábì kọ́ wa láti kà á nígbà tí a bá fẹ́ sùn, ó sì fún wa ní ìró oore tó wà níbẹ̀. Ibo ló ti ní kí a fi fọ búrọ́ọ̀ṣì? Ẹ̀mí ẹlẹ́dẹ̀ wo ló ń gbé inú irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kò ní ìyè? Àdádáálẹ̀ pọ́ńbélé ni, mo sì ń sọ ọ́ ní gbangba nítorí gbangba ni wọ́n ti ń pín in kiri. Irun ẹlẹ́dẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé lórí kò burú tó kí ènìyàn dá ìjọsìn tuntun sílẹ̀ kó fi ti Ànábì. Ẹni tó bá ti kà á sínú omi bẹ́ẹ̀, kó tọrọ àforíjìn, kó má padà sídìí rẹ̀.

Àwọn tó sì ń wá ohun tí wọn yóò fi ba ìrun ẹlòmíràn jẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wo ilé ara wọn. Irun ẹlẹ́dẹ̀ ló pọ̀ nínú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín òyìnbó kí ti náílọ́ọ̀nù tó dé ọjà Amẹ́ríkà ní ọdún 1938. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ọ̀dà títí dòní, ó sì wà nínú búrọ́ọ̀ṣì líle tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń tẹ irun orí kó lè ṣe bí ìgbì omi. Ṣé wọn á wó ògiri mọ́sálásí tí wọ́n fi irú rẹ̀ kùn ni?

Ní ti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, o ò ní láti máa wádìí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wò. Imam Malik gbà á wá nínú Muwatta, ìwé hádíìsì rẹ̀, pé Umar ọmọ Khattab àti Amru ọmọ Ās dé ibi adágún omi kan, Amru sì bi ẹni tó ni ín bóyá ẹranko búburú máa ń mu níbẹ̀. Umar ní kí ọkùnrin náà má sọ fún àwọn rárá, torí àwọn ń débi tí ẹranko ń dé, ẹranko náà ń débi tí àwọn ń dé.

Bó bá jẹ́ ìmọ̀ràn lo ń tọrọ yàtọ̀ sí ìdájọ́, èmi ò ní lò ó. Búrọ́ọ̀ṣì náílọ́ọ̀nù wà lọ́jà, kò wọ́n, kì í rùn, kò sì nílò kí a máa rẹ ẹ́ kó tó rọ̀. Ànábì ní kí a fi ohun tó ń kọ wá lóminú sílẹ̀ lọ síbi èyí tí kò kọ wá lóminú. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí o wà, àwọn ará Pakistan àti Bangladesh tí ẹ jọ ń kírun, ọ̀nà Abu Hanifa ni ọ̀pọ̀ wọn ń tọ̀, àwọn ará Somalia sì ń tọ ọ̀nà Shafi'i. Bí o bá gbé búrọ́ọ̀ṣì yẹn síbi tí ọ̀kan nínú wọn ti ń ṣe àlùwàlá, o ti ni ín lára. Fi ta aládùúgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí lọ́rẹ, tàbí kí o kó o sínú àpótí. Má ṣe bú ọ̀gá rẹ, kò mọ̀. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ pe ìmọ̀ràn mi yìí ní èèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni, torí kì í ṣe èèwọ̀ lọ́dọ̀ Imam wa.

Àwọn méjì tó ní àwọn ò ní kírun lẹ́yìn rẹ ló bí mi nínú jù. Imam Ahmad gbà pé àlùwàlá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n wá bi í bóyá yóò kírun lẹ́yìn imam tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ tí kò sì tún àlùwàlá ṣe. Ó fèsì pé báwo lòun ò ṣe ní kírun lẹ́yìn Malik àti Sa'id ọmọ Musayyib, àwọn àgbà onímọ̀ tí kò gbà pé ẹ̀jẹ̀ ń ba àlùwàlá jẹ́? Ohun tó ba àlùwàlá jẹ́ lójú tirẹ̀ nìyẹn o, kì í ṣe irun búrọ́ọ̀ṣì tó ti gbẹ sí ilé ìwẹ̀. Ka ọ̀rọ̀ yìí sí wọn létí, kí o má fi ìbínú kà á. Ní Iṣái lálẹ́ òní, bọ́ síwájú bí o ṣe máa ń ṣe. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lọ dá tirẹ̀ kí ní igun yàrá, kó kọ́kọ́ sọ orúkọ àáfà tó fún un ní fátíwà, kí èmi àti onítọ̀hún jọ sọ̀rọ̀.