Ohun tó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ lo báńkì orí fóònù, àti ohun tó ń lé e padà

Àbúrò, o béèrè bóyá ìwúlò àti ìrọ̀rùn tó láti fi ṣàlàyé ìdí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, fi ń lo báńkì orí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé orí nǹkan méjèèjì yìí ni o fẹ́ gbé àpilẹ̀kọ ìgboyè rẹ kà. Èsì mi ni pé wọn kò tó. Nígbà tí mo ń kàwé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), abẹ́ agboòrùn MoMo, iṣẹ́ owó orí fóònù ti MTN, ni mo ti ń rí owó oúnjẹ mi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi.

Fred Davis, onímọ̀ tí o fẹ́ lo àbá rẹ̀ pé ìwúlò àti ìrọ̀rùn ló ń mú èèyàn gba ẹ̀rọ tuntun, tẹ àbá náà jáde ní ọdún 1989, ó sì rí i pé ìwúlò lágbára ju ìrọ̀rùn lọ. Ṣùgbọ́n wo àwọn tí ó bi léèrè: òṣìṣẹ́ IBM, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní Kánádà wà lára wọn, lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà sì wà lára ohun tí wọ́n ń lò. Bí lẹ́tà bá sọnù, wọn a tún un kọ. Bí owó ìforúkọsílẹ̀ bá sọnù, ta ni yóò tún un san? Ní ọdún 2003, David Gefen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìgbẹ́kẹ̀lé kún àbá náà nígbà tí wọ́n ń ṣèwádìí ọjà rírà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá tó ń dáko lẹ́bàá Ṣábẹ̀ẹ́ a máa fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ rẹ̀, nítorí náà ọmọ náà ti mọ owó orí fóònù dunjú kí ó tó ní àkáǹtì rárá. Ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ bá béèrè àkáǹtì lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń lọ ṣí i, ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá sì fi hàn án pé èèyàn lè gbé owó láti àkáǹtì sórí MoMo láìtò sórí ìlà ni ó ń gba áàpù báńkì sílẹ̀. Dandan àti ọ̀rẹ́ ló fà á wọlé. (Kóòdù tí a ń tẹ̀ fún MoMo kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì, áàpù ń béèrè rẹ̀, má fojú kéré ìyẹn ní òpin oṣù.)

Ohun tó ń mú kí ó dúró síbẹ̀ yàtọ̀: ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Mo rántí ọmọkùnrin kan tó na fóònù rẹ̀ sí mi, àtẹ̀jíṣẹ́ méjì tẹ̀ léra lójú rẹ̀: èkíní ní iṣẹ́ náà kò yọrí, èkejì ní owó ti kúrò. Ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ni báńkì. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà: báńkì mi yọ owó ìforúkọsílẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kò rí i, nọ́ńbà tí wọ́n ní kí a pè ń dún láìsí ẹni tó gbé e, òṣìṣẹ́ tó wà lórí àga sì ń sọ pé kí n lọ kọ̀wé. Owó náà padà wọlé lẹ́yìn tí ìforúkọsílẹ̀ ti parí. Ẹ̀gbọ́n mi ló yá mi lówó tí mo fi san án. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló yóò sá: fún ìgbà pípẹ́, owó tó bá ti wọ àkáǹtì mi, mo ń yọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni. Áàpù náà rọrùn, ó sì wúlò. N kò sì lò ó.

Nítorí náà, nínú ìwé ìbéèrè rẹ, bi wọ́n léèrè bóyá àwọn ló yàn án tàbí wọ́n fi dandan mú wọn, kí o sì bi wọ́n pé nígbà àkọ́kọ́ tí owó há sọ́nà, ta ló dá wọn lóhùn, báwo ló sì ṣe pẹ́ tó. Má ṣe pín in fún àwọn tó ń lo áàpù nìkan. Wá àwọn tó ti pa á rẹ́ lórí fóònù wọn. Bí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà báńkì láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ìwọ yóò rí wọn lórí ìlà.