Ta ni yóò bá wa bá dókítà sọ̀rọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí bàbá wa ti wà ní ọsibítù ńlá kan. Rọpárọsẹ̀ ló kọlù wọ́n. Dókítà tó wá láàárọ̀ kọ́ ló ń wá lálẹ́. Ẹnì kan ní ká lọ ya àwòrán orí, ẹlòmíì ní ká lọ ra oògùn, a ò sì mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ sọ. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní ká wá "patient advocate". Ṣé a ní irú wọn ní Nàìjíríà? Èló ni wọ́n ń gbà? — Àkọ́bí bàbá, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àìsùn. Ọlọ́run á gbé bàbá dìde.

Òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọsibítù ló ní agbẹnusọ aláìsàn tirẹ̀, àwọn mìíràn sì wà tí ẹbí ń fi owó ara wọn gbà, pàápàá nítorí wàhálà bíìlì àti inṣọ́ránsì. Bí ẹ bá béèrè orúkọ yẹn lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ á ṣú bá yín lẹ́nu géètì. Medical Social Services ni kí ẹ béèrè, ẹ̀ka tó ń ran aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́ ní ọsibítù. Àwọn ọsibítù ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà níṣẹ́ máa ń ní in, iṣẹ́ tí èmi náà sì ń ṣe nìyẹn. Owó oṣù ni wọ́n ń san fún wa. Bí ọ́fíìsì bá tiẹ̀ gba owó fọ́ọ̀mù, ẹ gba rìsíìtì. Ẹni tó bá dá yín dúró lọ́nà pé kí ẹ mú nǹkan wá, pé òun mọ ọ̀gá inú, ẹ yáa yà fún un.

Kí là ń ṣe gan-an? Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá tòun ti báàgì. Ó ti di ẹrù ìyá rẹ̀, ilé yá. Ìtọ̀ ṣúgà ló dá egbò sí ìyá lẹ́sẹ̀. Ó ní dókítà ti sọ pé àwọn máa gé e lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pé ìyá òun ò ní fi ẹsẹ̀ méjì wáyé kó fi ẹyọ kan lọ. Mo ní kó jókòó, mo gòkè lọ bá dókítà náà, ọmọkùnrin kan tí oorun kún ojú rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu. "Ẹran tó ti kú lójú egbò la fẹ́ gé kúrò, mà. Ta ló dárúkọ ẹsẹ̀?" Gé kan náà ni gbogbo wọn sọ, oníkálukú sì gbọ́ tirẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ wá sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ó ya àwòrán ẹsẹ̀ sí ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan, ó fi bírò kun ibi tí wọ́n máa fọwọ́ kàn. Ìyá gba ìwé náà, ó wò ó sókè, ó wò ó sódò, ó ní, "Ṣé kò ju báyìí náà lọ?" Ó tẹ̀ka.

Dókítà yẹn ò ṣe wá lóore. Òfin Ìlera ti ọdún 2014, abala 23, ló sọ ọ́ di dandan kí wọ́n jẹ́ kí aláìsàn mọ bí ara òun ṣe rí, irú ìtọ́jú tó wà, ewu ibẹ̀, àǹfààní ibẹ̀ àti iye tó máa ná an, ní èdè tó gbọ́. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018, tó ní ẹ̀tọ́ 12, tún fi bíìlì tó hàn gbangba kún un. Àmọ́ bí ẹ bá lọ ń ka òfin fún nọ́ọ̀sì ní aago méjì òru, ìjà lẹ máa bá bọ̀. Ẹ jẹ́ káwa tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀ bá yín kà á.

Ọ̀rọ̀ bàbá wàyí. Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ bi nọ́ọ̀sì pé, "Ta ni kọnsọ́táǹtì bàbá wa, ọjọ́ wo ló sì ń yí wọ́ọ̀dù ká?" Àwọn dókítà tí ẹ ń rí tó ń pààrọ̀ ara wọn, iṣẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn, abẹ́ kọnsọ́táǹtì yẹn, dókítà àgbà, ni gbogbo wọn wà. Lẹ́yìn náà, ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo láàárín ẹbí tí yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀, kó ra ìwé kékeré kan: ọjọ́, orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ohun tó sọ, iye tí wọ́n ná. Ẹbí tó bá rán ẹni mẹ́rin lọ bi dókítà, ìdáhùn mẹ́rin ni wọ́n máa gbọ́, wọ́n á sì fi jà sílé.

Bí bàbá bá wà lábẹ́ inṣọ́ránsì ìlera ìjọba, ẹ béèrè bóyá HMO wọn, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó inṣọ́ránsì náà, ti fi kóòdù tó fọwọ́ sí ìtọ́jú ránṣẹ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025, NHIA, àjọ inṣọ́ránsì ìlera ìjọba àpapọ̀, ti ní wọn ò gbọdọ̀ fi kóòdù náà falẹ̀ ju wákàtí kan lọ. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn ni aláìsàn ń san. Bí inṣọ́ránsì ò bá sí, ọ̀dọ̀ wa ni kí ẹ yà sí báyìí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí aláìsàn máa lọ ilé ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbé bíìlì wá bá wa, ibẹ̀ ló sì máa ń le jù. Bí ẹ bá tètè dé, a lè kọ̀wé kí wọ́n gbà yín láyè láti máa san án díẹ̀díẹ̀, tàbí ká wá ẹgbẹ́ aláàánú tó lè gbé apá kan nínú rẹ̀. A ò ní àpò owó kankan o. Ẹ má sì purọ́ fún wa. A ti rí ẹni tó sunkún pé òun ò ní kọ́bọ̀, tí awakọ̀ rẹ̀ ń dúró dè é níta.

Bí wọ́n bá yájú sí yín, tàbí wọ́n gba owó láìfún yín ní rìsíìtì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún SERVICOM, ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn nípa iṣẹ́ ìjọba, tó ní ọ́fíìsì ní àwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà.

Ohun kan kù. Kí bàbá tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ béèrè ibi tí wọ́n á ti máa ṣe físíò, ìyẹn eré ìdárayá tó ń ran ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́ padà, ibi tó súnmọ́ ilé yín jù lọ, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún yín.